Ọṣẹ Tí Kò Kan Páìpù

Wọ́n ní Dúrósinmí ló tú nọ́ọ̀tì páìpù gáàsì yẹn. Irọ́ ńlá! Mo yá sípánà ẹ̀, ọwọ́ mi ló wà lọ́jọ́ náà.

Ó ti pé ogún ọdún tí ṣọ́ọ̀bù wa ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn n'Ikate. Èmi ń lẹ táyà, òun ń so páìpù gáàsì. Kò lọ yunifásítì, ojú ló fi kọ́ṣẹ́. Tó bá ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò, á po ọṣẹ títí á fi ki, á fi ṣúgà díẹ̀ sí i, á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, á kúnlẹ̀ tì í. Ó fi ìhó ọṣẹ kan hàn mí rí.

"Habeeb, wò ó. Ilẹ̀ ń fa omi ara ẹ̀ wálẹ̀, orí ẹ̀ á wá fẹ́lẹ́. Níbi tó fẹ́lẹ́ yẹn, ọṣẹ ò pọ̀ níbẹ̀ mọ́, ibẹ̀ á wá máa fa omi gòkè padà. Ìjàkadì ni. Tí ọṣẹ ò bá tó, ilẹ̀ ló máa borí: ìhó á bẹ́ kójú ẹ tó ká a."

Oṣù tó kọjá, Àǹtí Sìmbíátù, oníbàárà ẹ̀, pè é sílé ẹ̀ ní Abraham Adésànyà Estate. Gáàsì ń rùn ní kíṣìnì ẹ̀, ọmọ mẹ́ta sì wà nílé. Ẹnjiníà Bọ̀sún, ọ̀dọ́kùnrin tí estate gbà síṣẹ́, ti fọ́n omi ọṣẹ ṣákálá sí páìpù.

"Kò sí ìhó. Kò jò."

"Ẹnjiníà, orí páìpù ló ti ń jáde. Ọṣẹ yín ti ṣàn lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi."

"Bàbá, kí lẹ kà?"

"Imú mi kà á!"

Sikiọ́rítì tì í síta kí búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ tó kan páìpù. Láti géètì ló ti ń pariwo, "Àǹtí, ẹ má ṣáná o!"

Ẹnjiníà ní kí Àǹtí máa dáná ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fẹ́ se ògì fáwọn ọmọ, iná sì gba ojú èyí tó kéré jù. Estate ní Dúrósinmí ló tú nọ́ọ̀tì, ni ọlọ́pàá bá mú un.

Lánàá, mo bá Àǹtí ní ọsibítù. "Ṣé ó fọwọ́ kan páìpù yín?"

"Kò fọwọ́ kàn án."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá."

Ó wo báńdéèjì ojú ọmọ ẹ̀. "Estate ló ń sanwó ìtọ́jú ẹ̀ níbí, Habeeb. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ta ló máa tọ́jú ẹ̀?"

Mo gbé sípánà lọ sí tèṣọ̀n. Ọlọ́pàá ò tiẹ̀ wò ó. "Ìwọ, lọ lẹ táyà ẹ."

Dúrósinmí ṣì wà lẹ́yìn irin. Bọ̀sún ṣì ń fọ́n omi ṣákálá kiri ilé onílé.