Ọkùnrin Kalifọ́níà Tó Gbé Wa Dé Padova

Ẹ̀yin ará ilé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí èmi àti Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ mi, fi kúrò ní Torino, ní ilẹ̀ Ítálì níbí. Mo ti ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ mi pa. Padova là ń lọ, níbi tó ti máa gbèjà ìwé àṣekágbá rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí wọn ò bá gbà á, ó di ọdún mìíràn nìyẹn.

Ní ibùdókọ̀, mo ra cornetto, búrẹ́dì dídùn kan tó tẹ̀ kọrọdọ, ní yúrò kan àtààbọ̀. Mo gé e jẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó tán! Nílé, ẹni tó bá jẹ ìyẹn tán ṣì máa béèrè oúnjẹ àárọ̀.

Nínú rélùwéè, Mọ́rẹ́nikẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi. "Òṣèlú Kalifọ́níà ayé àtijọ́ kan ni mo kọ ìwé náà lé lórí. Abẹ́ Sípéènì ni wọ́n bí i sí, ó ṣe olóyè lábẹ́ Mẹ́síkò. Àwọn ará Amẹ́ríkà dé, ó fún wọn lóúnjẹ, wọ́n tì í mọ́lé. Nígbà tó jáde, ó bá wọn jókòó ṣòfin."

"Àwọn tó tì í mọ́lé? Ọ̀dàlẹ̀ lọkùnrin yẹn!"

"Mamma, per favore!" Ìyẹn ni pé kí n jọ̀ọ́. "Bí wọ́n bá bi mí bóyá ọ̀dàlẹ̀ ni ńkọ́? Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

A kọjá Milano. Oko àgbàdo lọ súà, ó ṣe mí bíi kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ ya díẹ̀.

Ní ìlú òyìnbó yìí, ẹbí máa ń wọlé wòran ìdánwò. Nígbà tí a dé Padova, mo jókòó síwájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin onírun funfun kan béèrè ìbéèrè yẹn gẹ́lẹ́. Mọ́rẹ́nikẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Yéè! Kí n tó mọ̀, mo ti kúnlẹ̀ gbì níwájú wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú ọmọ mi!" Yorùbá ni o. Wọ́n rò pé òòyì kọ́ mi, wọ́n gbómi wá.

Mọ́rẹ́nikẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó sọ fún wọn pé, "Ìyá mi nìyẹn. Ẹ̀rù yín ò bà á rárá. Nítorí tèmi ló ṣe kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lọkùnrin yìí, àwọn èèyàn rẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀ yẹn. Bí kò bá jókòó ṣòfin, ta ni ì bá gbẹnu sọ fún wọn?"

Ó yege! Wọ́n ń pè é ní dottoressa, obìnrin tó gboyè. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ewé dé e ládé, wọ́n ń kọrin yẹ̀yẹ́ fún un, mo bá wọn jó. Bí a ṣe ń bọ̀, mo gba ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ yẹn padà lẹ́nu ara mi. Èèyàn lè tẹrí ba kó má dalẹ̀.

Nílé, bàbá rẹ̀ gbàdúrà fún un títí, kó tó yíjú sí mi. "Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, kí ló dé tí o ń tiro?"

"Ìdánwò yẹn le, Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́. Orúnkún ni mo fi ṣe tèmi."