Iná Tí Fọlọ́runṣọ́ Lọ Wá Sábẹ́ Ilẹ̀

Àdúgbò Pedro, l'Ékòó, ni Fọlọ́runṣọ́ ti ń gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ. Ìlàjẹ, ní Bàrígà, ló ń gbé. Ilé àwa méjèèjì kan ara.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Oyinkọ́lá, wà ní abúlé wọn létí òkun, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ẹja ló ń yan. Èéfín ń ba ojú rẹ̀ jẹ́. Dókítà ní bí kò bá kúrò nídìí ààrò, ojú náà yóò fọ́. Ṣùgbọ́n ẹja tí a kò yan, tí a kò sì fi sínú yìnyín, yóò rà. Kò sí yìnyín níbi tí kò sí iná. Wáyà ìjọba kò dé ibẹ̀.

Nígbà tí sójà gbé ìjọba fún alágbádá, àwọn ẹnjiníà kan dé. Àwọn tó ń wa epo ti gbẹ́ ihò jíjìn kan sẹ́yìn abúlé náà rí. Omi gbígbóná ni wọ́n bá, wọ́n fi irin dé e, wọ́n lọ. Àwọn ẹnjiníà ní ooru omi yẹn lè yí ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò fún gbogbo abúlé ní iná, bí àwọn àgbà bá gbà. Wọ́n ní kí Fọlọ́runṣọ́ bá wọn sọ ọ́, torí ọmọ ibẹ̀ ni.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi ohun tó wí fún àwọn àgbà. Ó dìde, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, a fẹ́ fa iná jáde lábẹ́ ilẹ̀ yìí fún yín."

Ibẹ̀ ló ti bà á jẹ́. Ní Èkó, iná ni gílóòbù. Lọ́dọ̀ wọn, iná ni ohun tó ń jó. Lọ́dún tó ṣáájú, bẹntiróò gbaná lórí omi, ó jó ìdajì abúlé, ó jó ọmọ olórí wọn, Ọlápọ̀sí, mọ́ ọn.

Ọlápọ̀sí ní, "Èyí tó jó wa lórí omi kò tó ọ, o tún lọ ń wá ti abẹ́ ilẹ̀?"

Fọlọ́runṣọ́ ní iná mànàmáná lòun wí. Àgbà kan ní mànàmáná ló pa àbúrò òun nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà kọ̀. Àwọn ẹnjiníà kó ẹrù wọn, wọn kò padà wá. Oyinkọ́lá kò kúrò nídìí ààrò títí ojú fi fọ́.

Bàrígà ló wà báyìí, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Lánàá, àwọn ọmọ ilé hó pé iná ti dé. Ó ń wá ọ̀pá rẹ̀.

"Ṣé ká sá ni?"

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Gílóòbù ni."

Ó jókòó. Ó yí ojú láti wò ó, síbi tí gílóòbù kò sí.