Ìlà Kan Tí Wọ́n Ní Kí N Yọ

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa ní Alief lókè òkun, iṣẹ́ tí n ò tọrọ. Nígbà tí a fẹ́ yẹ́ kánsẹ́lọ̀ wa tó fẹ̀yìn tì sí, èmi náà ni wọ́n ní kí n kọ ohun tí a máa fín sára àwọ́ọ̀dù. Mo kọ ọ́ pé obìnrin náà bá wa jà títí wọ́n fi gbẹ́ gọ́tà wa, àti pé ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní gbangba pé kí òfin gba ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì láyè láti fẹ́ ara wọn, nígbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì lè mú kí èèyàn fìdí rẹmi nínú ìbò.

Alága wa, bàbá díákónì kan, kà á, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Akọ̀wé, yọ ìlà ìkẹyìn yẹn."

"Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ wọ́n mọ́ nìyẹn, sà."

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún pásítọ̀ mi? Gọ́tà ni kó o kọ. Gọ́tà ò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn."

Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣèpàdé lórí ìlà kan ṣoṣo! Màá wakọ̀ láti ibi iṣẹ́ mi nílé ìwòsàn ní Medical Center, ẹsẹ̀ mi á ti wú, ẹnì kan á sì tún ní ká kọ ọ́ pé "ó fẹ́ràn gbogbo èèyàn". N ò ní kí ẹnikẹ́ni yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà. Àmọ́ ṣé a lè máa yẹ́ ọmọ ẹlòmíì sí, ká tún máa daṣọ bo ohun tó ṣe?

Ó sú mi, mo pe kánsẹ́lọ̀ náà. Mo sọ fún un pé wọ́n fẹ́ kí n yọ ìlà yẹn.

"Ọdún méjì ni ìyá mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀ nítorí ohun tó wà nínú ìlà yẹn," ló wí. "Bí ẹ bá máa yọ ọ́, ẹ má wulẹ̀ ṣe é."

Mo lọ jíṣẹ́ nílé alága. Wọ́n pòṣé. Ìyàwó wọn tó ń gé ilá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbójú sókè.

"Bàbá, ta ló bá wa gbé ìyá yín jáde nígbà omíyalé? Ṣé pásítọ̀ yín ni, àbí kánsẹ́lọ̀ yìí?"

Alága juwọ́ sílẹ̀. "Ẹ kọ ohun tó bá wù yín."

Alága ò wá lọ́jọ́ ayẹyẹ náà. Wọ́n ní orúnkún ń dùn wọ́n. Ìyàwó wọn ló gbé àwọ́ọ̀dù náà fún kánsẹ́lọ̀. Ó kà á sókè, nígbà tó dé ìlà ìkẹyìn, gbogbo wa dìde.

Lọ́jọ́ kejì, alága pè mí.

"Ṣé kánsẹ́lọ̀ bèèrè mi?"

"Ó bèèrè ìyá yín, sà."

"Bá mi kí i."

Mo ní kí wọ́n pè é fúnra wọn. Mo ti ṣe akọ̀wé tó.