Ooru Ṣọ́ọ̀bù Ọmọpẹ́

Àwọn àgbà Ẹ̀jìgbò tó mọ Ọmọpẹ́ Olóbì á sọ fún un yín pé obìnrin tí kì í gba "bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí" gẹ́gẹ́ bí èsì ni. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jà tí kò rọ̀ lọ́nà Masifa, Ọmọpẹ́ á fẹ́ mọ ìdí rẹ̀.

Lọ́dún tí Jímọ́ọ̀ ọkọ rẹ̀ ti Àbíjàn dé, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún un lẹ́bàá ọjà, ó sì fi páànù bò ó. Láyé ìgbà náà, ilé koríko kì í ṣàìní àjà. Igi àti ọparun ni wọ́n ń tẹ́ sókè yàrá, wọ́n á fi amọ̀ rẹ́ ẹ, kí iná tó bá jó òrùlé má baà já lu ẹrù. Páànù kì í jóná ní tirẹ̀. Kí wá lèèyàn tún ń fi àjà ṣe? Jímọ́ọ̀ fẹ́ kí ẹni tó bá wọlé gbójú sókè rí páànù bó ṣe ń dán. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹni tó bá ra páànù nígbà yẹn lẹ́tọ̀ọ́ láti yangàn díẹ̀.

Kò pẹ́ tí obì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ nínú apẹ̀rẹ̀. Ọmọpẹ́ pààrọ̀ ewé, ó wọ́n omi, pàbó ló já sí. Àwọn Hausa oníbàárà rẹ̀ ń yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Jímọ́ọ̀ ní bí obì bá tún bàjẹ́, òun á fi ṣọ́ọ̀bù náà fún àwọn tó ń ra kòkó, kí Ọmọpẹ́ padà sídìí kíkiri obì. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Síbẹ̀, kò jókòó sunkún. Ó bu òrí sórí ewé, ó gbé ọ̀kan sílẹ̀, ọ̀kan sórí pẹpẹ, ọ̀kan sókè lábẹ́ páànù. Ó tún gbé ọ̀kan sí yàrá ìyá ọkọ rẹ̀ nínú ilé koríko àtijọ́. Nígbà tí oòrùn kàn àtàrí, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ti abẹ́ páànù ló kọ́kọ́ yọ́, ti orí pẹpẹ tẹ̀ lé e. Ti yàrá ìyá ọkọ rẹ̀ kò yọ́ rárá. Ọmọpẹ́ gbójú sókè nínú yàrá náà, ó rí àjà.

"Bàbá Mùíbì, òkè ni ooru ti ń wá," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká ṣe àjà sábẹ́ páànù yìí."

"Kí àwọn èèyàn má rí páànù mi mọ́?"

"Wọ́n á máa rí i láti ìta."

Jímọ́ọ̀ ronú títí kó tó gbà. Ó ní kí wọ́n ṣáà dá ihò kan sí lókè ibi tí àlejò ń jókòó sí. Oyèwọlé tó ń mọlé ṣe é bẹ́ẹ̀.

Inú ṣọ́ọ̀bù tutù, àfi abẹ́ ihò yẹn. Ọmọpẹ́ kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó gbé àga Jímọ́ọ̀ síbẹ̀, ó ní ibẹ̀ ló yẹ onílé. Jímọ́ọ̀ á jókòó, á máa fi páànù han àlejò, òógùn á sì bò ó. Àwọn àlejò á rọra sún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ obì, wọ́n á fi òun nìkan sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ọmọpẹ́ ti oko obì ní Ọ̀lá dé, ó bá Oyèwọlé lórí àkàbà, tó ń fi amọ̀ dí ihò náà. Jímọ́ọ̀ ló ń gbé amọ̀ fún un.

"Ìyá Mùíbì," ó ní, kò wojú rẹ̀, "àwọn tó ń ra kòkó wá. Mo sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀bù yìí ti lólóbì."