Omi Tó Ṣì Lè Ṣiṣẹ́

Nígbà tí ìyàwó alágbàfọ̀ kú, àwọn tó wá kí i kò mọ ohun tí wọn ì bá sọ, síbẹ̀ wọn ò dákẹ́. Ẹnìkan tilẹ̀ ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tí ọmọ ọwọ́ kú fún là ń sọ bẹ́ẹ̀ fún? Nínú ilé yìí, agbè gan-an ló fọ́. Alágbàfọ̀ ní ẹ ṣé, ó sì padà sídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn obìnrin náà. Inú rẹ̀ ló kú. Ó dà bí ẹnu tí dókítà eyín gún lábẹ́rẹ́: èèyàn lè máa bu ètè ara rẹ̀ jẹ kó má mọ̀. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń ki aṣọ bọ omi. Ẹkún ò wá, òun náà ò sì wá a lọ.

Òfin ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò kú. Obìnrin náà kórìíra ìfiṣòfò dénú egungun. Òun ló ní kí ọkọ òun yé fi ọ̀rá tuntun di ẹrù oníbàárà, tó wá fi àkísà rán àpò tí àwọn oníbàárà gbọ́dọ̀ dá padà. Òun ló ní kí wọ́n máa kó aṣọ jọ kó pọ̀ kí wọ́n tó tan áyọ́ọ̀nù, kí wọ́n má baà máa jó iná lásán. Ó ta ọ̀kadà tí wọ́n fi ń gbé aṣọ káàkiri, ó ra kẹ̀kẹ́. Ọkùnrin náà yínmú sí i nígbà náà, ó ní ṣé àwọn méjì péré ló fẹ́ tún ayé ṣe ni. Ìyàwó rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ tún ẹ̀yìnkùlé ṣe ná.

Ṣùgbọ́n omi ni olórí òfin. Omi tí wọ́n bá fi ṣan aṣọ funfun ni wọ́n ń fi fọ aṣọ dúdú. Èyí tó bá kù á di ti ilẹ̀ nínù, èyí tó bá sì dọ̀tí jù á lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Obìnrin náà a máa ní, "Omi tó bá ṣì lè ṣiṣẹ́, a kì í dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́." Lẹ́yìn tó kú tán, ọkọ wá ń pa òfin náà mọ́ ju ẹni tó ṣe é lọ. Àwọn ará àdúgbò ń kan sáárá sí i pé ó mọ ayé tọ́jú. Ayé wo? Ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ nǹkan mìíràn ṣe.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ìlú òkèèrè ló sì ń gbé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, àwọn dókítà ò jẹ́ kó kúrò lórí ibùsùn, kò sì lè wá síbi ìsìnkú. Ó ní òun ń bọ̀ bí ara òun bá ti yá. Ohun kan péré ló bẹ bàbá rẹ̀ lórí fóònù: ìborí tí ìyá rẹ̀ wé kẹ́yìn, tó wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. N ò rí ojú wọn mọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣáà bá òórùn wọn."

Bàbá ní òun gbọ́. Ó sì gbọ́ lóòótọ́, kò kọ etí ikún sí i.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọmọ dé, ó fọ aṣọ tán, omi ìṣanṣọ tó mọ́ lóló sì ṣẹ́ kù nínú ọpọ́n. Kò sí aṣọ dúdú nílẹ̀ mọ́. Ó ti nulẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ fún omi kiri ilé. Ó wo aṣọ fèrèsé, ó mọ́. Ó wo àkísà ìdáná, ó mọ́. Ó wọ yàrá, ilẹ̀kùn padé lẹ́yìn rẹ̀, ó rí ìborí, ọwọ́ rẹ̀ sì mú un. Ó fi ọṣẹ sí i, ó ra etí rẹ̀ dáadáa, ó fún un, ó sá a sóòrùn. Nígbà tó gbẹ, ó lọ̀ ọ́, ó ká a, ó dá a padà sára ìṣó. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé omi náà ò ṣòfò.

Ọmọ dé, ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó gbé ọmọ ọwọ́ lé e lẹ́sẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ìborí náà wà nímú rẹ̀.

"Bàámi, òórùn ọṣẹ ni mò ń gbọ́."

Ìgbà yẹn ni bàbá tó mọ ohun tó ṣe. Ó ní omi ló ṣẹ́ kù. Ọmọ béèrè pé níbo ló da omi ọ̀hún sí nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni.

Ọmọ ká ìborí náà sọ́wọ́.

"Màámi ì bá yìn yín," ló wí. Kò fi gún un lára. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Bàbá gbé ọmọ ọwọ́ fún un, ó ní òun ń lọ fọwọ́. Bó ti dé ẹ̀yìnkùlé tó ṣí ẹ̀rọ omi, ẹkún gbé e. Ó ṣí ẹ̀rọ náà dé òpin kí ọmọ má baà gbọ́ ohùn òun. Omi kún ọpọ́n, ó kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó gba àárín àgbàlá kọjá bọ́ sí gọ́tà, omi tó mọ́ tí kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò ní kó ti ẹ̀rọ.