Ọkọ̀ Pupa Tí Kò Gbẹ

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Èjìgbò gbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré méjì fún èmi àti ọmọ orogún ìyá mi. Bàbá wa ti ránṣẹ́ láti Àbíjàn pé bí àwọn bá wálé iléyá, àwọn yóò mú èyí tó wu àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn níbẹ̀.

Ọ̀dà méjì ló ṣẹ́ kù nílé. Mo yan olómi tí wọ́n fi kun ògiri, torí pé ó tètè ń gbẹ. Òun yan pupa tó ń dán, tí wọ́n fi kun ilẹ̀kùn. Kò rí kẹrosíìnì pò ó, ló bá fi àdín pò ó.

"Kò ní gbẹ," ni mo wí.

"Ìlara ló ń sọ̀rọ̀! Wo tìẹ bí eérú àdògán!"

Òótọ́ ni. Tirẹ̀ ń dán débi tí mo fi ń rí ojú ara mi lára rẹ̀. Mo gbàdúrà kó má gbẹ.

Kò gbẹ lóòótọ́. Nígbà tí bàbá wa ti Yídì dé, wọ́n gbé e, ọwọ́ wọn àti agbádá funfun wọn sì pọ́n. Mo ń retí ìbáwí. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí, wọ́n fi ìka tó pọ́n náà kun imú ọmọ orogún ìyá mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ sọ mí di ilẹ̀kùn ni?"

Wọ́n gbé tèmi náà. "Ó gbẹ dáadáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé e kalẹ̀.

Ewé ni wọ́n fi wé tirẹ̀ gbé lọ sí Àbíjàn. Tèmi kò lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́.