Ọjọ́ Tí A Ṣọ̀fọ̀ Ilé Ìkàwé

Kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, èmi fúnra mi ni mo kó àwọn àgbà mẹ́rin tí kò mọ ìwé í kà jókòó sínú ilé ìkàwé abúlé kan lẹ́bàá Ahoyéyé, tí mo fi ìwé lé kálukú wọn lọ́wọ́, tí mo sì ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo ń dá. Pírámárì mẹ́fà ni mo kà mọ. Ó jọ pé ìwé keje ni wọ́n ti ń kọ́ni pé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọgbọ́n.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Filomẹ́nì, ló ránṣẹ́ pè mí láti Sakété. Ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé ìkàwé ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, òun ló sì ń ṣí ilé ìkàwé abúlé náà, òun ló ń tì í. Àjọ ti sọ fún un pé alábẹ̀wò kan ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́, olú ìlú wọn. Bí alábẹ̀wò yìí kò bá bá èèyàn níbẹ̀, wọn yóò ti ilé náà pa, wọn yóò kó àwọn ìwé lọ sí Pobè, iṣẹ́ Filomẹ́nì yóò sì bá ìwé lọ.

"Tọ́ntọ́n," ló wí lórí fóònù. Faransé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe àbúrò ìyá lọ́kùnrin lọ́dọ̀ wọn. "Ẹ wá dúró tì mí. Bí mo bá rí ojú ẹbí, àyà mi kò ní já."

Nínú gbogbo ẹbí, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já jù ló pè.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò ní Ìlaró. Mo gba Ìdí-Ìrókò kọjá sí Ìgólò, oòrùn sì yọ bá mi lọ́nà Sakété. Lẹ́bàá títì, epo bẹntiróòlù wà nínú ìgò lórí tábìlì, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ wọ inú wọn, wọ́n ń dán bí oyin. Nílé, ilé epo la ti ń ra epo. Níbẹ̀, ìyá tó ń ta àkàrà lè bu epo fún ọkọ̀ rẹ. Ohùn wọn kò jìnnà sí ohùn tiwa, àfi pé ibi tí àwa ti ń sọ tánkíù, mẹsí ni wọ́n ń wí. Filomẹ́nì fi àtàsì pàdé mi, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀, pẹ̀lú ata díndín dúdú. Igba séfà, owó wọn, ló rà á, ó sì yó mi dalẹ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó pe zémijáàn méjì. Ọ̀kadà ni. Wọ́n ní èdè Fọ̀n ni orúkọ náà, pé "gbé mi kíákíá" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èmi kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbé mi kíákíá. Mo dì mọ́ ọlọ́kadà bí ẹni di ọ̀pẹ mú.

"Bàbá, ẹ tú mi sílẹ̀ díẹ̀, mi ò lè mí mọ́."

"Ṣé o mọ ọ̀nà?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Ṣé ọ̀nà náà mọ̀ ọ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ la ojú, ẹ ó rí i."

"Fi ojú mi sílẹ̀. Àdúrà ni mo fi ń gbà."

Nítorí náà, imú àti etí ni mo fi rin ìrìn àjò yẹn títí dé Pobè. Òórùn epo pupa tí wọ́n ń sè kọjá, ti gàrí tí wọ́n ń yan tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èéfín igi tútù. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun dún níbì kan lápá òsì, ó sì fà sẹ́yìn bí ẹni ń pe ẹlòmíràn. Nígbà tí mo lajú, kùrukùru ti gba ilẹ̀. Àwọn ọ̀pẹ dúró nínú rẹ̀, a kò rí ìdí wọn, orí nìkan ló yọ, bí ẹni pé ojú sánmà ni wọ́n ti hù wá sísàlẹ̀. N kò mọ̀ bóyá mo jí ni tàbí mo ṣì sùn.

Lẹ́yìn Pobè, títì tán, amọ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí bẹ̀rẹ̀. Òjò ti rọ̀. Amọ̀ náà gba bàtà mi kan, n kò bá a jà.

Yàrá kan ni ilé ìkàwé náà, ilẹ̀kùn rẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó kọjú sí àwọn àtíbàbà ọjà tó ṣófo. Filomẹ́nì gbálẹ̀, ó nu pẹpẹ ìwé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Oko ni gbogbo abúlé wà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí fún un, tí mo fi lọ bá àwọn àgbà mẹ́rin tó ń lọ́ okùn lábẹ́ igi òdán. Obì ni mo fi bẹ̀ wọ́n.

Alábẹ̀wò dé pẹ̀lú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí Filomẹ́nì ń pè ní Mùsé, bí àwa ṣe ń pe ọ̀gá. Ó wo àwọn òǹkàwé mi. Ọ̀kan ti sùn. Ọ̀kan fi ìwé gbá eṣinṣin.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá kan tó ru igi ìdáná ń kọjá. Ó rí àgbà mẹ́rin tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú ilé lọ́jọ́ oko. Ó sọ igi kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run yóò dáwọ́ ibi dúró. Ta ló kú?"

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn rántí pé mo ní kó má sọ̀rọ̀. Ó rọra mi orí. Ni ìyá bá bú sẹ́kún! Obìnrin méjì tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́ ẹkún, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n bá a sun ún.

"Ìyá, ẹ má sunkún mọ́," ni Mùsé wí. "Ilé ìkàwé yìí ló kú. Èmi ni wọ́n rán wá gbé òkú."

Ẹkún ìyá dá wáí. "Ilé yìí? Òní lẹ wá a wá? Ta ní í lọ sọ́jà lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, tí yóò dé ilé wí pé ọjà ti tú? Ẹ wá lọ́jọ́ ọjà! Bó bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi gan-an, ọmọ yìí ń ṣí i. Orí ìkòkò tí mo fẹ́ tà ni mo jókòó lé nígbà tó ka ìwé àrùn ẹ̀gẹ́ fún wa. Òun ni kò jẹ́ kí oko mi run."

Ojú Filomẹ́nì ṣú. Òfin àjọ ni pé ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì ni kó máa ṣí i, kó sì tì í ní ọjọ́ yòókù. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń rú u.

"Ọjọ́ Ìsinmi?" ni Mùsé bi í. "Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Kò sẹ́ni, Mùsé." Kò gbé ojú sílẹ̀. "Ọjọ́ tí àjọ ń kà kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n ń kà níbí."

Àgbà tó ti sùn tajì. "Ṣé a lè sọ̀rọ̀ báyìí?" ló bi mí.

Mùsé gbé wa padà sí Sakété, nítorí ọ̀nà rẹ̀ ni. Ibi tí mo ti wá nìkan ló bi mí, mo ní Ìlaró. Filomẹ́nì ń wo ìta, ó fọwọ́ di kọ́kọ́rọ́ ilé ìkàwé mú lórí itan. Oòrùn ti rọ̀, ó pọ́n láàárín àwọn ọ̀pẹ, ó ń bá ọkọ̀ wa sáré láìrẹ̀ ẹ́. Oorun gbé mi lọ díẹ̀. Mo rí àwọn ìwé tí wọ́n ru agbọ̀n, tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú ọ̀nà amọ̀ dúdú, wọ́n ń lọ sọ́jà, wọ́n sì ń kí ara wọn lóhùn Ọ̀họ̀rí. Mo jí, mo rò ó pé nílé tiwa pẹ̀lú, a máa ń ṣí ilẹ̀kùn nígbà tó rọ ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, a ó wá máa bínú pé kò sẹ́ni tó wọlé.

Ọkọ̀ dúró níwájú ilé. A sọ̀kalẹ̀, a dúpẹ́. N kò rí agbára bi í léèrè bóyá wọn yóò ti ilé náà pa, Filomẹ́nì náà kò bi í. Ìgbà tí a ti yí ẹ̀yìn padà ni Mùsé yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀.

"Filomẹ́nì, ọjọ́ ọjà ni kó o máa ṣí i láti òní lọ, èmi ni mo fún ọ láṣẹ. Bí ọjà bá tún ná, mo ń bọ̀ wá wò ó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, jọ̀ọ́, jẹ́ kí Tọ́ntọ́n dúró sí Ìlaró."